Kí Ẹ Tó Kó Owó Lé Ilé Rẹ́ǹtì: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Èrè Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ onílé ló mọ iye tí ilé wọn ń mú wọlé lọ́dún. Àwọn tó mọ iye tí ilé náà ti jẹ kò pọ̀. Ẹ bi bàbá onílé kan ní Ìbàdàn pé èló ni ilé rẹ̀ ń pa, kíá ló máa dáhùn: “Fúláàtì mẹ́rin, mílíọ̀nù kan kan.” Ẹ wá bi í pé èló ló ti ná láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ fún ajẹ́ǹtì lówó ọkọ̀ títí di ọjọ́ tí ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé. Ẹ̀rín ló máa rín, á ní ta ló ń ka owó ilé. Ẹni tó ń kọ́ ilé tí òun àti ìdílé rẹ̀ máa gbé lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí, torí ìfọ̀kànbalẹ̀ lòun ń rà. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún rẹ́ǹtì, ọjà ni. Ọjà tí a kò bá sì mọ iye tí a rà á, a ò lè sọ pé a jèrè lórí rẹ̀.

Ìwé kan, bírò kan àti ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí fóònù yín ti tó fún iṣẹ́ yìí. Mo máa fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilẹ̀ pílọ́ọ̀tì kan ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, tí a fẹ́ kọ́ ilé alájà kan sí, fúláàtì oníyàrá méjì mẹ́rin. Àpẹẹrẹ lásán ni gbogbo iye tí mo bá kọ sórí ilé yìí. Owó iṣẹ́ Akóbọ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́ Mọ́níyà, ti oṣù yìí sì lè yàtọ̀ sí ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹ yọ iye tèmi, ẹ fi ti àdúgbò yín sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú èrè tí ẹ ń wá

Èrè méjì ló wà nínú ilé. Ọ̀kan ni owó tí ayálégbé ń san. Èkejì ni bí ilẹ̀ àti ilé ṣe ń gbówó lórí bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ kò sì ní fojú kan owó yìí títí ẹ ó fi tà. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tó fi í sílẹ̀ fún koríko, kò gba kọ́bọ̀ rẹ́ǹtì níbẹ̀. Àmọ́ èbúté Lẹ́kkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023 àti ilé ìfọpo Dangote ti sọ ilẹ̀ àgbègbè yẹn di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá. Ẹni tó jogún ilé face-me-I-face-you ní Mọ́kọ́lá ń gba owó tirẹ̀ lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń sáré wá ra ilé náà.

Ẹni tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́lé, oúnjẹ oṣù ló ń wá. Ilẹ̀ tó ń gbówó lórí kò lè ra ìrẹsì fún un. Ẹni ọdún 35 tó ṣì ń gba owó oṣù lè mú sùúrù dúró de èrè kejì. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń wá sókè ìwé yín gan-an, torí nígbà tí ajẹ́ǹtì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ilẹ̀ lé, èrè kejì ló máa ń sọ fún ẹni tó ń wá ti àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: iye ilẹ̀ kì í ṣe iye tí ajẹ́ǹtì pè

Wọ́n ní ilẹ̀ wa jẹ́ ₦6,000,000. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá to àwọn tó máa tẹ̀ lé e:

- Ajẹ́ǹtì àti lọ́yà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦600,000
- Awọnlẹ̀ àti ìwé sọ́fè: ₦400,000
- Owó ọmọ onílẹ̀, láti orí fandéṣọ̀n dé òrùlé: ₦500,000
- Ìwé ìjọba, ìyẹn fífi ilẹ̀ sórúkọ yín àti àṣẹ ìkọ́lé: ₦1,500,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000. Ilẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà ti di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, a ò sì tíì to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.

Owó ọmọ onílẹ̀ ló máa ń da ìṣirò rú jù, torí kì í dúró sójú kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lọ́dún 2016 láti dá àwọn ajagungbalẹ̀ lẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹni tí bíríkìlà rẹ̀ ń dúró, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ń gan nínú ìta, kì í sáré lọ sí ilé ẹjọ́; owó ló máa yọ. Ohun tó dáa ni pé kí ẹ dúnàádúrà gbogbo owó yẹn pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí àwọn àgbà ẹbí kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Tí ẹ bá ti sanwó ilẹ̀ tán kí ẹ tó rántí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Owó ìwádìí náà wà níbẹ̀, kò sì tó nǹkan. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti jáde, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, rìsíìtì ẹbí nìkan kò sì lè dáàbò bo owó yín. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, mú ìlà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kó wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ẹ tún lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ bi àwọn tó ń tajà nítòsí pé ibo ni omi ń gbà. Àwọn ará Ìbàdàn kò nílò kí èèyàn ṣàlàyé èyí fún wọn: odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nílùú kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ta ilẹ̀ etí odò ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á ní ẹ̀dínwó ni.

Nǹkan kékeré kan kí a tó kúrò níbí. Pílọ́ọ̀tì kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn àti Ògùn, jẹ́ 5,000 tí ẹ bá sọ òró di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú. Ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí ẹ máa bá pàdé ní Èkó jẹ́ 7,200. Ẹ fi í pín iye owó kí ẹ tó sọ pé èyí wọ́n ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ 50 sí 100 tí wọ́n ń tà ní ₦6,000,000, ₦1,200 ni ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Ti 60 sí 120 tí wọ́n ń tà ní ₦8,000,000 kò tó ₦1,112. Èyí tí ẹ rò pé ó wọ́n ló pọ́ọ́kú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó ilé, títí dé ibi tí ayálégbé lè sùn

Kọngílá pe ilé fúláàtì mẹ́rin wa ní ₦60,000,000. Ẹ má gba iye kan gbọnrangandan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ ní ìpele ìpele: fandéṣọ̀n, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, dẹ́kìn, búlọ́ọ̀kù òkè, òrùlé, wáyà, páìpù, rírẹ́ ògiri, táìlì, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, ọ̀dà. Ní abẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye ẹrù tó máa lò àti iye tí ẹyọ kan ń lọ.

Tó bá ti kọ ọ́, ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án mẹ́wàá ló ń lọ sára mítà onígun mẹ́rin kan nínú ògiri. Ògiri tó gùn ní mítà 10, tó ga ní mítà 3, jẹ́ 30. Búlọ́ọ̀kù 300 nìyẹn. Ẹ fi 15 sí i fún èyí tó máa fọ́. Bí kọngílá bá wá kọ 420 síwájú ògiri yẹn, ẹ bi í pé níbo ni èyí tó lé ń lọ. Ẹ bi í pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó lè jẹ́ pé ògiri mìíràn ló kà mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ pé ilé tirẹ̀ náà ń gòkè níbì kan. Èyí tó wù kó jẹ́, ó ti mọ̀ pé ẹ lè kà.

Lẹ́yìn ilé gan-an ni àwọn nǹkan tí kò sí nínú iye kọngílá: ọgbà àti géètì, kànga ẹ̀rọ pẹ̀lú táǹkì, ṣọ́kàwéè, míta iná mẹ́rin àti wáyà láti orí òpó, gọ́tà, ilẹ̀ ìta tí a ní láti fi nǹkan bò kí ẹrẹ̀ má wọ fúláàtì ìsàlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦7,000,000 ni mo fi sí i. Ó ti di ₦67,000,000. Ẹ wá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀: ₦6,700,000. Àwọn kan máa ń fo ìlà yìí torí ó ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ẹ rántí ohun tójú rí lórí sìmẹ́ńtì nìkan: àpò tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi ₦5,000 lọ́dún 2023 ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024. Ẹni tó wà lórí dẹ́kìn lásìkò yẹn kò lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ẹ tún mọ̀ pé òrùlé kì í ṣe òpin. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ilé tó ti gba páànù ti parí. Lójú ẹni tó ń sanwó, ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni. Ìdí nìyẹn tí ilé tí wọ́n ti kan òrùlé lé, tí kò ní fèrèsé, fi pọ̀ káàkiri.

Ilẹ̀ ₦9,000,000, ilé àti àyíká rẹ̀ ₦67,000,000, àfikún ₦6,700,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦82,700,000. Iye yìí ni ojú owó yín. Ẹ fàlà sí abẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ la máa gbé gbogbo ìṣirò tó kù lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ọjọ́ pẹ̀lú

Owó tí ẹ fi ra ilẹ̀ lónìí kò ní mú ohunkóhun wọlé títí ayálégbé yóò fi dé. Bí ilé bá gba ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin ni owó ilẹ̀ àti ti fandéṣọ̀n fi sùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún wo ni iye wo máa jáde, ọdún wo sì ni rẹ́ǹtì àkọ́kọ́ máa wọlé.

Tí owó kò bá tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú ni pé kí wọ́n ṣe fandéṣọ̀n alájà, kí wọ́n da dẹ́kìn, kí wọ́n parí fúláàtì méjì ìsàlẹ̀ pátá, kí wọ́n sì gba ayálégbé sí i. Fúláàtì méjì tó parí sàn ju mẹ́rin tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀ lọ. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ayálégbé pé iṣẹ́ ṣì ń bọ̀ lókè, kí ẹ sì dín owó kù fún un nítorí ariwo àti eruku.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá iye rẹ́ǹtì lẹ́nu ẹni tó ń san án

Ajẹ́ǹtì tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín kọ́ ló yẹ kó sọ iye rẹ́ǹtì àdúgbò fún yín. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń wá ilé. Ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà níkorítà, ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Iye tí ẹni tó kó wọlé gbẹ̀yìn san ni ẹ máa kọ, kì í ṣe iye tó wà lára pátákó “To Let”. Ẹ wo pátákó náà dáadáa: bí òjò àti oòrùn bá ti pa ọ̀dà rẹ̀ rẹ́, ilé náà ti pẹ́ lófo. Ẹ padà lọ lálẹ́, kí ẹ mọ bí iná ṣe ń dé níbẹ̀ àti bí ọ̀nà ṣe rí lẹ́yìn aago méje.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ohun tí ayálégbé ń san ju ohun tó ń dé ọwọ́ onílé lọ. Ẹni tó ń gba fúláàtì mílíọ̀nù kan lè ná tó ₦1,300,000 lọ́dún àkọ́kọ́ tí owó ajẹ́ǹtì, ti lọ́yà àti owó ìdúró fún ìbàjẹ́ bá gorí rẹ̀. Àfikún yẹn kì í ṣe tiyín, àmọ́ òun ló ń pinnu bóyá ẹnikẹ́ni á lè gba ilé yín. Onílé tó fẹ́ fi ₦100,000 kún rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù tó ń gbé ru ayálégbé tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí yunifásítì ní ìṣirò tirẹ̀. Yàrá máa ń kún kíákíá, owó ọdún sì máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Ifẹ̀ tàbí Abẹ́òkúta kò ní gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ẹ fi irú oṣù bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò yín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń lọ ní ₦1,000,000. Mẹ́rin jẹ́ ₦4,000,000 lọ́dún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yọ ohun tí ilé ń jẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dáwọ́ dúró. Wọ́n á mú ₦4,000,000, wọ́n á fi wé ₦60,000,000 tí kọngílá gbà, wọ́n á ní èrè ń lọ sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò ka ilẹ̀, wọn kò ka kànga, wọn kò sì yọ kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́:

- Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ṣófo fún oṣù kan lọ́dún: ₦333,000
- Ẹni tó ń bójú tó ilé, ìdá 10 nínú ohun tó gbà wọlé: ₦367,000
- Àtúnṣe: ₦400,000
- Owó ilẹ̀ àti owó ilé ti ìjọba: ₦50,000
- Lọ́yà, owó ẹgbẹ́ onílé, ọlọ́dẹ: ₦100,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,250,000. Ohun tó kù sọ́wọ́ jẹ́ ₦2,750,000. Owó orí ti orí rẹ́ǹtì ṣì wà níbẹ̀. Ó dúró lórí ohun mìíràn tó ń wọlé fún yín, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣètò owó orí.

Ẹ lè ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bójú tó ilé, pé kí n yọ ₦367,000 kúrò. Rárá o. Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn, owó iṣẹ́ yín ni, kì í ṣe èrè ilé. Ọjọ́ tí ara kò bá le mọ́, tàbí tí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹnì kan máa gbà á. Ti àtúnṣe ńkọ́? Ilé tuntun lè má jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó lọ́dún kìíní àti ìkejì. Ní ọdún kẹjọ, ṣọ́kàwéè á kún, ẹ̀rọ kànga á jóná, ọ̀dà ìta á ti di dúdú, gbogbo rẹ̀ nínú ọdún kan náà. Owó tí ẹ kò ná lọ́dún kìíní, ibẹ̀ ló ń lọ, torí náà ẹ fi í pamọ́ sí àpò ọ̀tọ̀.

Ohun kan tí kò sí nínú ìlà márùn-ún yẹn ni ayálégbé tí kò sanwó tí kò sì jáde. Òfin ilé gbígbé ti Èkó ọdún 2011 ní kí onílé fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ìwé ìfilọ̀ oṣù mẹ́fà pé kó kúrò tí wọn kò bá ti jọ fẹnu kò sí nǹkan mìíràn, ìwé ọjọ́ méje tún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ó lè ju rẹ́ǹtì ọdún kan lọ tó ti bọ́ sọ́nù lórí fúláàtì kan. Owó ìwádìí lórí ẹni tó fẹ́ kó wọlé, ibi iṣẹ́ rẹ̀, onílé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ogún iye yẹn.

Àwọn tó ń rò ó pé àwọn á fi fúláàtì náà ṣe short-let, ìyẹn ilé tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, ní Lẹ́kkì tàbí Bódìjà, iye tó ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan máa ń dùn létí. Ṣùgbọ́n onílé ló ń san iná níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn àdúgbò tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹni tí àlejò rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ rí ibi tí èrè ń gbà lọ. Aṣọ ibùsùn, ẹni tó ń tún ilé ṣe, epo dísù fún jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn onílé. Ẹ má fi ìṣirò ilé rẹ́ǹtì ṣe é.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi wé ohun mìíràn tí owó náà lè ṣe

₦2,750,000 lórí ₦82,700,000. Ẹ pín in, ẹ fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: 3.3. Lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ kó sínú ilé yìí, ₦3 lé díẹ̀ ló ń padà lọ́dún. Bí iye náà kò bá yí padà, ọgbọ̀n ọdún ni ojú owó máa fi padà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìṣílé á ti máa wá ilé tirẹ̀.

Ká ní ẹ kó ₦82,700,000 yẹn sórí treasury bills ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú tó sì ń san èlé lé e, ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦12,405,000 ló máa mú wá lọ́dún, kò sì sí bíríkìlà tó máa pè yín láàárọ̀. Lọ́dún 2024, èyí tó jẹ́ ti ọdún kan tilẹ̀ kọjá ìdá 20. Ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń kọ́lé rẹ́ǹtì ni pé ojú owó tó wà ní bánkì kì í dàgbà. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, kéde ọ̀wọ́ngógó ọjà fún oṣù kejìlá ọdún 2024 ní ìdá 34.8; ẹni tó gba èlé 20 lọ́dún yẹn pàdánù síbẹ̀. Ilé ní tirẹ̀ máa ń bá ọjà gòkè, rẹ́ǹtì náà sì máa ń gòkè.

Torí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín nìyí: ìdá mélòó ni ilé yìí gbọ́dọ̀ fi gbówó lórí lọ́dọọdún kó tó bá treasury bills dọ́gba? 15 yọ 3.3 kúrò, ó ku 11.7. Ẹ pè é ní 12. Ohun tó bá ń fi ìdá 12 gòkè lọ́dọọdún máa di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Èyí tó bá gba ọdún mẹ́wàá kó tó di ìlọ́po méjì, ìdá 7 ló ń fi gòkè. Ẹ lọ sí àdúgbò náà, ẹ bi àwọn tó ra ilẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn pé èló ni wọ́n rà á, ẹ wo èló ló ń lọ báyìí. Bí kò bá tíì di ìlọ́po méjì, treasury bills ti borí rẹ̀. Bó bá ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ti rí èrè yín, bẹ́ẹ̀ rẹ́ǹtì kọ́ ló mú un wá.

Ohun tí mo rí lójú ìṣirò yìí kò dùn mọ́ àwọn kọngílá nínú: ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tó kọ́ ilé tuntun fún rẹ́ǹtì lónìí kò lè fi rẹ́ǹtì gba owó rẹ̀ padà kíákíá. Ilẹ̀ ló ń gbé ilé pọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000 péré nínú ₦82,700,000, ilé tó kù sì ń gbó lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní owó díẹ̀ tó sì lè mú sùúrù fi lè jèrè ju ẹni tó kọ́lé lọ, tó bá ra pílọ́ọ̀tì méjì ní ojú ọ̀nà tí ìlú ń gbà dàgbà, tó sì tún ìwé rẹ̀ ṣe dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fún ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun

Ẹ máa ṣe ìṣirò yín ní owó tí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ká ní ẹnì kan ní Houston fi dọ́là 20,000 ránṣẹ́ lọ́dún 2015, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦197 ní bánkì. ₦3,940,000 nìyẹn, ó sì fi ra ilẹ̀. Lónìí wọ́n sọ fún un pé ilẹ̀ náà ti di ₦20,000,000, pé ó ti jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Àwọn ará ilé ń kí i kú oríire. Tí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦20,000,000 kò ju dọ́là 13,333 lọ. Kí ilẹ̀ náà tó lè dá dọ́là 20,000 rẹ̀ padà lásán, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦30,000,000.

Ẹni tó fẹ́ padà wálé lè má ka èyí sí, torí náírà ló máa ná níbí. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ kà á sí. Ẹ tún fi owó ẹni tó ń bá yín ṣọ́ iṣẹ́ sí i, ìbáà jẹ́ àbúrò yín. Àbúrò tí a kò sanwó fún máa ń san owó fún ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: tó bá jẹ́ ilé tó ti wà nílẹ̀ lẹ fẹ́ rà

Níbí, ẹ máa ṣe ìṣirò láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ máa sọ. Ẹnì kan ń ta ilé fúláàtì mẹ́rin tó ti pé ogún ọdún, ó ń pè é ní ₦45,000,000. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san ₦700,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,800,000. Ẹ ní kó fi rìsíìtì ọdún mẹ́ta hàn yín, kí ẹ sì bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ láìsí òun níbẹ̀. Ẹ yọ ohun tí ilé ń jẹ, bíi ti ìgbésẹ̀ kẹfà. Ó ku nǹkan bíi ₦1,900,000.

Ẹ pinnu pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré jù tí ẹ lè gbà. Ẹ fi 0.05 pín ₦1,900,000: ₦38,000,000. Iye tí ilé náà tó lọ́wọ́ yín nìyẹn tó bá wà ní pípé. Kò wà ní pípé. Ẹ mú káfíńtà gun òkè àjà, ẹ mú oníná wo wáyà, ẹ ṣí ṣọ́kàwéè. Wọ́n ní àtúnṣe máa gba ₦5,000,000. Ó ku ₦33,000,000. Lọ́yà ní ìwé ilé náà dúró lórí rìsíìtì ẹbí, pé àti tún un ṣe títí dé ọ̀dọ̀ gómìnà pẹ̀lú owó iṣẹ́ òun máa jẹ ₦2,000,000. Ó ku ₦31,000,000.

₦31,000,000 ni òpin, ẹ má sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ₦27,000,000. Ẹni tó ń tà á máa bínú, á ní ṣé ẹ fẹ́ já òun gbà ni. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín jáde, kí ẹ kà á fún un láti orí òrùlé dé ṣọ́kàwéè. Tó bá ní òun kò gbà ní ìsàlẹ̀ ₦35,000,000, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ lọ wo ilé mìíràn.